Pósítà mẹ́ta fún kọ́ńsáàtì mẹ́ta: bí mo ṣe yà á, bí mo ṣe bà á jẹ́, bí mo ṣe tún un ṣe

Ọjọ́ Ajé kan ni wọ́n pè mí pé àwọn ní kọ́ńsáàtì mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn sì ń wá ẹni tó máa ya pósítà. Ẹgbẹ́ olórin kílásíkà kékeré kan ni wọ́n, àwọn mẹ́rìnlá tó ń ta fáólíìnì àti àwọn ohun èlò olókùn yòókù, pẹ̀lú ẹnì kan tó ń tẹ píánò. Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Yábàá ni wọ́n máa ń lò. Ẹ̀gbọ́n tó ń darí wọn ní ohun kan ṣoṣo lòun ń bẹ̀ mí sí: "Jọ̀ọ́, má ṣe é bíi ti ìsọjí." Ohun tó ń sọ yé mi yékéyéké. Ẹ mọ pósítà wa ní Èkó: ojú èèyàn méjìdínlógún, kóòtù lọ́rùn gbogbo wọn, iná ń jó lẹ́yìn wọn, lẹ́tà ń dán bíi wúrà. N kò bú u o. Òun ló ń san owó ilé mi láti ọdún yìí wá.

Ètò orin tí wọ́n fún mi rèé. Kọ́ńsáàtì àkọ́kọ́, Pictures at an Exhibition ti Mussorgsky, orí píánò nìkan. Èkejì, alẹ́ nocturne, ìyẹn orin òru, ti John Field àti ti Chopin. Ẹ̀kẹta, African Suite ti Fẹlá Ṣówándé, olórin kílásíkà ọmọ Nàìjíríà. Nítorí pé ara àwòrán gan-an ni orin àkọ́kọ́ ti jáde, ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí pósítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú nǹkan kan láti ara iṣẹ́ ayàwòrán gidi. Ìwọ̀n A3, ọgọ́rin ẹ̀dà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti èyí tí wọ́n máa fi sórí fóònù.

Kí n tó tan kọ̀ǹpútà

Mo lo ọjọ́ méjì láìya nǹkan kan, àwòrán ni mo ń wò. Èyí tó ràn mí lọ́wọ́ jù kò tiẹ̀ sí nínú ètò wọn. Lọ́jọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1911, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Kandinsky lọ gbọ́ orin Schoenberg ní Munich, ní Jámánì. Nígbà tó dé ilé, ó kun àwòrán kan tó pè ní Impression III (Concert). Ó ṣì wà ní Lenbachhaus, ilé àfihàn àwòrán kan nílùú náà, títí dòní. Bí ẹ bá kọ́kọ́ wò ó, ẹ ó rò pé ẹnì kan da ọ̀dà yẹ́lò nù ni. Ẹ tún un wò: dúdú ńlá tó wà lókè yẹn, ìdérí píánò ni. Àwọn ìlà tó tẹ̀ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ nísàlẹ̀, àwọn èèyàn tó jókòó tí wọ́n ń gbọ́ ni. Yẹ́lò tó bo gbogbo ibi, ìró ni. Kò ya orin, kò ya nóòtì kankan. Ohun tí ìró ṣe sí yàrá náà ló yà.

Mo kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé tí mo fi ń yàwòrán: KÒ SÍ FÁÓLÍÌNÌ. KÒ SÍ NÓÒTÌ TÓ Ń FÒ. Òfin mi nìyẹn fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo rú u lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó rí ibi tó gbé mi dé.

Èkíní: ògiri tí wọ́n ti gbé àwòrán kúrò lára rẹ̀

Ìtàn orin yìí ṣe kókó, torí òun ló padà ya pósítà náà fún mi. Mussorgsky ní ọ̀rẹ́ kan, Viktor Hartmann, tó jẹ́ ayàwòrán àti ẹni tó ń ya ilé. Ọdún 1873 ló kú, kò ju ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ ní St. Petersburg fún àfihàn. Mussorgsky lọ wò ó, ó délé, ó kọ orin. Àwòrán mẹ́wàá ló kọ orin fún, ó sì fi orin ìrìn kan tó pè ní Promenade há àárín wọn. Orin ìrìn yẹn, òun fúnra rẹ̀ ni, tó ń rìn láti iwájú férémù kan lọ sí òmíràn.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣe. Mo wá àwọn iṣẹ́ Hartmann tó kù nílẹ̀: ẹnu ọ̀nà ńlá tó yà fún ìlú Kiev, aṣọ eré fún àwọn ọmọ ẹyẹ tó ṣì wà nínú èèpo ẹyin. Mo tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo kọ orúkọ Mussorgsky sí àárín. Ó jọ kàlẹ́ńdà ilé ìfowópamọ́. Mo fi han àbúrò mi, ó ní, "Ó dáa." Ẹni tó bá mọ àbúrò mi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn nìyẹn.

Ìdí tí pósítà yẹn fi kú ni pé púpọ̀ nínú àwòrán tí Mussorgsky rí ti sọnù. Orin ló kù. Bí mo bá wá to díẹ̀ tó ṣẹ́ kù síwájú èèyàn, bí ìgbà tí mo ń sọ pé gbogbo rẹ̀ nìyí ni, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni.

Ọjọ́ karùn-ún ni ojútùú dé, n kò sì sí lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó dé. Mo lọ sílé wa ní Abẹ́òkúta, wọ́n ń kun pálọ̀ bàbá mi. Ẹ mọ bí pálọ̀ àtijọ́ ṣe máa ń rí: fọ́tò onífèrémù ló yí i ká lókè níbi tí ògiri ti fẹ́ kan àjà, gbogbo wọn tẹ orí síwájú díẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń wo àlejò. Bàbá àgbà, ìgbéyàwó, ọjọ́ ìjáde yunifásítì ẹ̀gbọ́n, bíṣọ́ọ̀bù kan tí kò sẹ́ni tó rántí orúkọ rẹ̀ mọ́. Wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Lára ògiri, níbi tí férémù kọ̀ọ̀kan wà tẹ́lẹ̀, ojú àmì onígun mẹ́rin ló kù, ó funfun ju ibi yòókù lọ, torí eruku ọyẹ́ àti èéfín iná kẹrosíìnì kò débẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Ojú ìṣó kọ̀ọ̀kan ṣì wà lókè rẹ̀. Mo dúró, n kò lè sọ̀rọ̀. Mo ní kí kunlékunlé jọ̀ọ́ dúró díẹ̀, mo fi fóònù ya gbogbo ògiri náà.

Pósítà náà nìyẹn. Ògiri kan tó ní àwọ̀ amọ̀ gbígbẹ, ojú àmì mẹ́sàn-án tó funfun díẹ̀ jù ú lọ, ìkẹwàá tóbi ju gbogbo wọn, orí rẹ̀ sì tẹ̀ róbótó bí ẹnu ọ̀nà: ẹnu ọ̀nà Kiev tó gbẹ̀yìn orin náà. Kò sí àwòrán kankan.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ kò dáa. Mo fi kọ̀ǹpútà ya àwọn ojú àmì náà gún régé, ni wọ́n bá dà bíi wíńdò ilé ìjọba. Mo padà sídìí fọ́tò pálọ̀. Kò sí ọ̀kan tó dúró ṣánṣán níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ̀ díẹ̀, etí rẹ̀ kò sì mú, ńṣe ló rọra parẹ́ sínú ògiri, lókè ju nísàlẹ̀ lọ, torí férémù tó tẹ orí síwájú fara kan ògiri nísàlẹ̀ nìkan. Mo yẹ ojú àmì kọ̀ọ̀kan ní díńgírì kan tàbí méjì, mo mú kí etí òkè rọ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, mo sì fi ihò ìṣó kékeré kan sókè ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ihò ìṣó ló jẹ́ kó yé èèyàn. Kí n tó fi í sí i, àwọn tí mo fi hàn ní, "Kí lèyí?" Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní, "Háà, wọ́n ti kó o lọ."

Nǹkan kékeré kan kù, tí mo ṣe fún ìgbádùn ara mi. Promenade yẹn kì í rìn déédéé: ìlù márùn-ún, lẹ́yìn náà mẹ́fà, márùn-ún, mẹ́fà, bíi ẹni tó sanra tó ń rìn tó ń dúró. Nísàlẹ̀ pósítà, mo to àmì kóńkó kóńkó, márùn-ún, àlàfo, mẹ́fà, àlàfo. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin tó máa tẹ píánò náà gbé e wò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ta tábìlì, ó ń kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

Ohun kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́: ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi ní kí n kọ "Mussorgsky/Ravel." Ravel ló tò ó fún ọkẹ́sítírà lọ́dún 1922 lóòótọ́, ṣùgbọ́n píánò nìkan ni tiwa. Mo pè wọ́n, wọ́n yọ ọ́. Ẹ máa ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fún yín, ẹ má kàn dà á sórí iṣẹ́.

Èkejì: afárá lóru

Èyí yá jù. Ayàwòrán tó yẹ fún un ti wà nínú orúkọ orin náà. Whistler, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í sábà fi orúkọ ohun tó yà nìkan pe àwòrán rẹ̀. Orúkọ orin ló máa ń fi ṣáájú: symphony, harmony, arrangement. Ọ̀gbẹ́ni Leyland, ọlọ́rọ̀ kan tó máa ń ra iṣẹ́ rẹ̀ tó sì fẹ́ràn píánò, ló dábàá ọ̀rọ̀ nocturne fún àwọn tó yà ní alẹ́ odò Thames. Ọ̀kan nínú wọn, Nocturne: Blue and Gold – Old Battersea Bridge, wà ní Tate, ilé àfihàn àwòrán ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀dà tó fi kùn ún ṣàn bí omi ọbẹ̀ ni. Ohun tó ń múni lójú níbẹ̀ ni pé ó gbé ẹsẹ̀ afárá kan ṣoṣo ga ju bó ṣe rí lọ, ó gé orí afárá lulẹ̀, ó fi wúrà díẹ̀ wọ́n ojú ọ̀run. Ìyókù, òkùnkùn. Nígbà tí alárìíwísí kan, Ruskin, bú ọ̀kan nínú àwọn nocturne yẹn, Whistler pè é lẹ́jọ́, wọ́n sì gbọ́ ẹjọ́ náà lọ́dún 1878. Ó jàre, kọ́ọ̀tù sì fún un ní fádínì kan ṣoṣo, ìyẹn ìdámẹ́rin pẹ́nì. Owó ẹjọ́ sọ ọ́ di onígbèsè. Mo máa ń rántí ìtàn yẹn nígbà tí oníbàárà bá ní iṣẹ́ mi "ṣófo jù."

Àwa náà kúkú ní afárá. Mo lọ sí etí ọ̀sà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ní nǹkan bí aago méje alẹ́, ẹ̀fọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi lọ. Third Mainland, tó ń lọ sí kìlómítà méjìlá, kò ṣeé yà tán, mo sì ya ẹsẹ̀ kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí Whistler ṣe ṣe. Mo gbé e ga kọjá bó ṣe yẹ, mo gé orí afárá já lápá òsì, mo fi iná àtùpà Mákòkó mẹ́fà sí ìsàlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n léfòó. Field àti Chopin wà nínú òkùnkùn lókè, lẹ́tà wọn tinrín.

Mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo wà ní àlàáfíà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀gbọ́n pè: "Ṣé àtẹ̀gùn lo yà sójú ọ̀run ni?" Mo ṣí i lórí fóònù tèmi. Òótọ́ ni. Òkùnkùn tí mo rọra fà láti búlúù dé dúdú ti pín sí ìlà ìlà bí èèpo àlùbọ́sà. Fọ́tò tí a bá fi ránṣẹ́ báyẹn máa ń fún kéré kó lè tètè dé, àwọn àwọ̀ dúdú tó sún mọ́ ara wọn ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀. Àtúnṣe méjì ni mo ṣe. Mo fọ́n hóró kéékèèké sórí gbogbo rẹ̀, bí ìyanrìn tó wà lára fọ́tò àtijọ́, kí àwọ̀ má lè dì pọ̀ ní ìlà kan. Mo sì ń fi fáìlì ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi document, kì í ṣe bíi fọ́tò. Hóró yẹn mú un dùn ún wò ju tàtẹ̀yìnwá lọ, ó jọ kánfáàsì.

Ìwé ló kù. Lórí bébà gloss, dúdú náà ń dán bíi bàtà sójà, iná gbọ̀ngàn ń tàn padà lára rẹ̀, èèyàn kò rí afárá. Bébà matt tí kì í dán, 150 giramu, ni mo fi tẹ̀ ẹ́. Dúdú tí mo lò kì í ṣe dúdú lásán, ó ní búlúù nínú. Yíǹkì mẹ́rin tí a fi ń tẹ̀wé, bí mo ṣe pò wọ́n nínú ọgọ́rùn-ún rèé: cyan (búlúù) 70, magenta (pupa) 45, yẹ́lò 30, dúdú 95. Bí ẹ bá fi dúdú nìkan, ó máa rí bí eérú tó tutù.

Ibí yìí ni alága ẹgbẹ́ ti ní kí wọ́n fi fọ́tò òun sí i. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn òǹwòran á rò pé inú odò ni ẹ wà." Ìwé ètò ni wọ́n padà fi í sí, ojú ewé kejì, ó gba àyè dáadáa níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta: aró

Èyí gba ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì rú òfin mi.

African Suite, 1944. Fẹlá Ṣówándé kọ ọ́ fún ohun èlò olókùn, ìpín márùn-ún ló ní. Ìpín àkọ́kọ́, Joyful Day, ara orin Ephraim Amu ti ilẹ̀ Gánà ló ti mú un. Ìpín ìkẹyìn, Akinla, orin háíláìfù ló wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kíní nínú yàrá ìdánrawò, ọkùnrin tó ń ta báàsì ńlá ń jó ní ìjókòó.

Ayàwòrán tí mo yàn ni Yusuf Grillo. Ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ rẹ̀ rí kò lè gbàgbé búlúù rẹ̀. Àwọn obìnrin onígèlè, àwọn onílù, gbogbo wọn gùn lọ sókè, ara wọn pín sí abala abala tó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Òun náà sì ṣe fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì gan-an. Ó kọ́ àwọn èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Yaba College of Technology, ibẹ̀ kò sì jìnnà sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti máa ta orin yìí. Mo rò pé iṣẹ́ ti tán.

Akọ̀wé wọn ní kí ló dé tí a kò kàn mú ọ̀kan nínú àwọn àwòrán Grillo ká fi sí i. Òfin ni. Hartmann àti Whistler ti kú tipẹ́, iṣẹ́ wọn ti di ti gbogbo ayé. Ọdún 2021 ni Grillo kú. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà Nàìjíríà ti ọdún 2022 fún un ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú, ìyẹn títí di òpin 2091. Àwòrán rẹ̀ kò ṣeé gbé láìgbàyè lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ni búlúù, kò sì sẹ́ni tó ni pípín nǹkan sí abala. Ọ̀nà ìríran rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ́, kì í ṣe ọjà rẹ̀ ni mo fẹ́ gbé.

Níbi tí mo ti rú òfin mi rèé. Mo ya obìnrin kan tí gèlè rẹ̀ di orí fáólíìnì. Ẹ má bi mí. Ó wù mí fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Lọ́jọ́ kẹrin mo rí irú rẹ̀ gan-an lára ike omi kan, mo pa á rẹ́.

Mo wá kúrò nídìí kọ̀ǹpútà, mo lọ sí Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Mo ra àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan, ìyá tó tà á fún mi ní kí n má fi ọṣẹ líle fọ̀ ọ́. Ìka mi di búlúù kí n tó délé. Lálẹ́, mo tẹ́ ẹ sórí ẹ̀rọ scanner lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹtù bàbá mi tó ti gbó. Ìgbà yẹn ni mo rí i. Ẹtù, baba aṣọ wa, tó dúdú bí òru, tó ní ìlà funfun tinrín tinrín tó ń lọ láti òkè dé ilẹ̀. Okùn fáólíìnì ni ìlà yẹn! Ó ti wà nínú àpótí bàbá mi látọjọ́ táláyé ti dáyé.

Abala márùn-ún ni mo pín pósítà sí, ìpín orin márùn-ún. Aró ti abala kọ̀ọ̀kan ń dúdú sí i, bí aṣọ tí wọ́n ń ri bọ ìkòkò léraléra, láti àyìnrín títí dé ẹtù. Wọn kò tò bí àkàbà o, wọ́n yẹ̀, wọ́n gé ara wọn, bí abala Grillo. Ìlà funfun tinrín kọjá gbogbo wọn. Nínú Joyful Day ìlà náà pọ̀. Níbi orin ìrẹmọ́lẹ́kún, ẹyọ kan ló kù.

Lẹ́tà ló wá dé. Ìwé tí wọ́n fún mi kọ "Fela Sowande," kò sí àmì kankan. Orúkọ èèyàn ni, mo kọ ọ́ bó ṣe yẹ, ní lẹ́tà ńlá, ìlà méjì:

FẸLÁ
ṢÓWÁNDÉ

Wàhálà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́, fọ́ǹtì aláràbarà tí mo rà ní Ẹ, kò ní Ṣ. Kọ̀ǹpútà lọ yá Ṣ láti ara fọ́ǹtì mìíràn, ó dúró níbẹ̀ bí àlejò tó wọ ṣòkòtò ẹlòmíràn. Mo ya àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ fúnra mi, onígun mẹ́rin bíi ti Ẹ. Èkejì, àmì ìsàlẹ̀ Ẹ ní ìlà àkọ́kọ́ bọ́ sórí àmì ohùn Ó tó wà ní ìlà kejì gẹ́lẹ́, lẹ́tà kejì lórí lẹ́tà kejì. Wọ́n lẹ̀ mọ́ra bí eṣinṣin méjì. Bí mo bá fa ìlà méjèèjì jìnnà síra, orúkọ náà á já sí méjì. Ẹ̀kẹta, gbogbo ẹni tó bá rí FẸLÁ gàgàrà ń béèrè bóyá Afrobeat ni. Àwọn kan tiẹ̀ bi mí bóyá Fẹ́mi á wá.

Ojútùú kan ṣoṣo ló pa kejì àti ẹ̀kẹta. Mo sọ FẸLÁ di kékeré, mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ lókè, apá ọ̀tún, lókè NDÉ níbi tí àyè wà. ṢÓWÁNDÉ nìkan ló gba pósítà já. Ìbéèrè nípa Afrobeat dáwọ́ dúró. Fún àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké, ọjọ́ àti ibi, mo lo fọ́ǹtì Gentium, torí ẹ̀dà kan ṣoṣo kò sí fún ọ́ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà àti àmì ni wọ́n máa ń so pọ̀, fọ́ǹtì tí kò bá mọ ibi tí yóò gbé àmì sí á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú "Ọjọ́ Àìkú" nìkan, mo ti rí i kó fò lọ dé orí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e.

Ṣómólú

Ọjọ́ Ẹtì ni mo gbé fáìlì lọ sí Ṣómólú. Ọgọ́rin ẹ̀dà kò tó ohun tí a ń gbé sórí Kord, máṣíìnì ìtẹ̀wé ńlá, DI ni, èyí tó ń gba iṣẹ́ tààrà láti inú kọ̀ǹpútà. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó ti ń tẹ̀wé kí wọ́n tó bí mi, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń lọ. Sáńpù àkọ́kọ́ jáde. Mo wò ó, ara mi tutù. Aró mi ti di elésè àlùkò. Gbogbo abala tó dúdú, tó yẹ kó jẹ́ ẹtù, ń dán bí aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ọjọ́ Àjíǹde.

Mo ní, "Bàbá, máṣíìnì yín ni."

Wọn kò dá mi lóhùn. Wọ́n gbé jígí wọn sójú, wọ́n mú gíláàsì tí wọ́n fi ń wo hóró yíǹkì, wọ́n tẹ orí sórí bébà náà. Wọ́n wá ní kí n wá wò ó. Mo wò ó. Cyan ti bo bébà pátápátá, magenta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó tán bákan náà.

"Mélòó lo fi sí i?"

"Cyan 100, magenta 95, sà."

"Àti ìwọ àti magenta. Ta ló ní kó o kó pupa tó báyìí sínú aró? Bí cyan bá pé ọgọ́rùn-ún, má jẹ́ kí èkejì kọjá àádọ́rin. Fi dúdú ṣe é dúdú, má fi pupa ṣe é."

Ojú kọ̀ǹpútà ló tàn mí. Iná ló ń yọ níbẹ̀, búlúù rẹ̀ lè jinlẹ̀ bó ṣe wù ú, bébà kò ní iná lẹ́yìn. Mo jókòó sí kọ̀ǹpútà wọn, mo tún un ṣe: cyan 100, magenta 62, yẹ́lò 15, dúdú 40. Mo tẹ́ ẹtù bàbá mi, tí mo gbé wá nínú ọ̀rá, sẹ́gbẹ̀ẹ́ sáńpù kejì. Kò tíì bá a mu. Sáńpù kẹta, mo dín dúdú kù sí 35, mo fi yẹ́lò kún un díẹ̀. Bàbá fọwọ́ kan aṣọ, wọ́n fọwọ́ kan bébà, wọ́n ní, "Tẹ̀ ẹ́."

Nǹkan kan ṣì kù tí wọ́n tún rí. Ìlà funfun tinrín yẹn, nínú abala tó dúdú jù, yíǹkì ti ń fún un pa láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo mú un nípọn díẹ̀ nínú abala yẹn nìkan. Lójú, gbogbo wọn wá dọ́gba.

Mo gbé ọ̀kan kọ́ sára ògiri òdìkejì ọ̀nà, mo dúró sí ìsàlẹ̀ òrùlé bàbá, ọkọ̀ ń kọjá láàárín wa. ṢÓWÁNDÉ, mo rí i. Ọjọ́, mo rí i. Yábàá, mo rí i. Owó ìwọlé kò ṣeé kà láti ibẹ̀, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ san owó tó kù, sáńpù tó bàjẹ́, elésè àlùkò yẹn, wà lára ògiri wọn, wọ́n ti fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ́, ìtìjú ni fún mi. Wọ́n ní rárá. Oníbàárà kan ti wá láàárọ̀, ó ní àwọ̀ yẹn gan-an lòun fẹ́ fún káàdì ìgbéyàwó ọmọ òun, igba ẹ̀dà.